Etí Odò Ògùnpa: Àkọsílẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́wàá Akẹ́kọ̀ọ́ Oníròyìn Láti Accra

Iṣẹ́ náà kò gùn lórí ìwé: ìròyìn ọlọ́rọ̀ 1,800 kan àti ètò rédíò oníṣẹ́jú 12, nípa bí àwọn ará etí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ṣe ń bá omi gbé láti ọdún omíyalé, 1980, títí di òní. Ẹni tó fẹ́ ṣe é jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ìròyìn láti Accra. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ omi kò ṣàjèjì sí i. Accra ní odò Odaw tirẹ̀, àti pé ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù kẹfà 2015, ìkún omi àti iná ilé epo nítòsí Kwame Nkrumah Circle pa ènìyàn tó lé ní 150.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni a yà sọ́tọ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ni iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun tí a mú dání, ohun tó máa ń bàjẹ́ àti ohun tó ń bà á jẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i lò. Ohun kan ló gbé gbogbo ètò náà ró: ibi tí a bá ti fẹ́ gba ọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kìíní fún ìkíni, ẹ̀ẹ̀kejì fún ìbéèrè, ẹ̀ẹ̀kẹta láti ka ohun tí a kọ sí etí ẹni tó sọ ọ́. Oníròyìn tó bá fẹ́ ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní wákàtí kan, àṣìṣe ni yóò kó lọ sílé.

Ọjọ́ 1, Sátidé. Accra sí Èkó

Ẹnubodè mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà: Aflao láàárín Gánà àti Tógò, Hillacondji láàárín Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, Sèmè-Kraké láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kò nílò físà, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé fún ọjọ́ 90. Òǹtẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́. Ẹnubodè kọ̀ọ̀kan ní ti ìjáde àti ti ìwọlé, nítorí náà mẹ́fà ló yẹ kó wà nínú pásípọ́ọ̀tù kí ẹ tó kúrò ní Sèmè. Ohun tó máa ń dà á rú ni pé ọmọ ọkọ̀ á gba pásípọ́ọ̀tù gbogbo èrò lẹ́ẹ̀kan náà, á sáré lọ, á sáré bọ̀, òǹtẹ̀ kan á sì fò. Ìgbà ìpadàlọ ni wàhálà rẹ̀ máa ń yọjú. Ẹ bá pásípọ́ọ̀tù yín rìn, kí ẹ sì ṣí ojú ewé náà wò kí ẹ tó kúrò níwájú òṣìṣẹ́.

Káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú gbọ́dọ̀ wà lápò. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀dà mẹ́ta lórí ìwé àti ọ̀kan lórí fóònù: orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, ohun tó fẹ́ ròyìn lé lórí, déètì tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, nọ́ńbà olùkọ́ kan tó máa gbé fóònù. Ẹ kọ àkójọ irinṣẹ́ yín pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí ìwé kan, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọjà títà ni ẹ ń gbé wọlé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, Èkó ni kí ẹ sùn.

Ọjọ́ 2, Àìkú. Rélùwéè sí Mọ́níyà

Ojú irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 157, ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí i. Ní ibùdókọ̀ Mobolaji Johnson, Alágomejì ní Yábàá, ni ẹ ó ti wọ̀ ọ́. Ẹ wádìí àkókò ọkọ̀ ní àná ọjọ́ náà, torí ó máa ń yí padà. Orúkọ ara tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu.

Ibùdókọ̀ Ìbàdàn, tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ pè, wà ní Mọ́níyà, ní apá àríwá, kì í ṣe àárín ìgboro. Àwọn àlejò máa ń rò pé àwọn ti dé, wọn a sì bínú nígbà tí wọ́n bá rí i pé ìrìn ṣì kù. Máíkírà ni ọkọ̀ ìlú yìí. Láti Mọ́níyà dé Ọjọ́ọ̀, láti Ọjọ́ọ̀ gba ẹnu ọ̀nà Yunifásítì dé Sángo, láti Sángo dé Mókọ́lá tàbí Dùgbẹ̀. Èrò méjì ló máa ń jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí awakọ̀ bá pariwo "wọlé pẹ̀lú ṣéńjì o," owó ńlá kò ní ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí ó bá béèrè pé "ṣé dúrópù ni?", ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ gba gbogbo ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀, "ó wà o!" ti tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ gbólóhùn mẹ́ta yìí lè wọkọ̀ jákèjádò ìgboro.

Mókọ́lá ni a fi àlejò wọ̀ sí, torí kò jìnnà sí Agódi níbi tí odò ti ń bọ̀, kò sì jìnnà sí Dùgbẹ̀. Àwọn àgbà a máa kì ìlú yìí pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjòjì, àjòjì tó bá mọ̀ ọ́n kí sì ń jẹ nínú rẹ̀.

Ọjọ́ 3, Ajé. Lẹ́tà ló ṣáájú

Síìmù lákọ̀ọ́kọ́, ní ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tẹlifóònù fúnra rẹ̀, pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù. Ẹ má ra síìmù tí wọ́n ti fi orúkọ ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Kò bófin mu, wọ́n sì lè pa nọ́ńbà náà nígbà tí gbogbo ẹni tí ẹ ń wá ti fi í pamọ́ sórí fóònù wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Sẹkitéríàtì ní Agódi. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ ni lẹ́tà sí ìjọba gbọ́dọ̀ wọlé, torí Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ọ́fíìsì ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn, ó sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn lé e bí ìdí bá wà. Ẹni tó bá dúró di ọjọ́ karùn-ún kí ó tó kọ̀wé, Accra ni èsì máa bá a. Òfin náà sọ pé "ẹnikẹ́ni" lè béèrè, kò sì pọn dandan kí ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní òfin ìjọba àpapọ̀ kò kan ìpínlẹ̀, ẹ fi pẹ̀lẹ́ rán an létí pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dájọ́ lórí ìyẹn ní oṣù kẹrin 2025: ó kan ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀.

Bí lẹ́tà ṣe rí ni èsì máa ń rí. "Ẹ fún mi ní gbogbo ìwé nípa Ògùnpa" kò ní mú nǹkan kan wá. Ohun mẹ́ta péré ni a béèrè: déètì tí wọ́n gbẹ́ ìdọ̀tí inú odò náà kẹ́yìn àti ibi tí wọ́n gbẹ́ dé; iye mítà tí òfin ní kí ilé fi jìnnà sí etí odò; ẹ̀dà ìkìlọ̀ òjò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àdúgbò ní ọdún tó kọjá. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí èkejì pẹ̀lú déètì, orúkọ àti ọwọ́ ẹni tó gbà á. Ẹ má jókòó de ọ̀gá tí kò tíì dé. Ibi tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà wọlé ni kí ẹ lọ tààrà. Láìsí òǹtẹ̀ yẹn, ọjọ́ méje kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀sán, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwọn oníròyìn ní Ìyágankú. Àwọn oníròyìn ìlú mọ ẹni tó ń gbé fóònù àti ẹni tí kì í gbé e, wọ́n sì mọ ibi tí kámẹ́rà máa ń fa wàhálà. Ibùdó ológun, àgọ́ ọlọ́pàá àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, ẹ má ya wọ́n, ì báà jẹ́ láti inú ọkọ̀. Bí wọ́n bá mú yín dé ibi ayẹyẹ kan tí wọ́n wá ń pín ànfílọ́ọ̀pù owó fún àwọn oníròyìn, ẹ má gbà á. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí tí àwọn oníròyìn Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1998 kọ̀ ọ́, orúkọ ẹni tó gbà á kì í sì í pẹ́ kó tó tàn ká.

Ọjọ́ 4, Ìṣẹ́gun. Ìwé ìròyìn ọdún 1980

Bí àkókò bá kéré, ẹ gé ọjọ́ mìíràn, ẹ má gé èyí. Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, ní ilé ìkàwé Kenneth Dike, àti pé nínú ọgbà kan náà ni ilé àkójọ ìwé ìjọba, National Archives, wà. Lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́, pásípọ́ọ̀tù àti fótò pélébé méjì ni kí ẹ mú lọ. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ nǹkan, kì í ṣe báírò. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ tan iná sára ìwé. Ẹ gba agbára sínú páwàbáǹkì ní alẹ́, torí iná lè lọ lọ́sàn-án gangan.

Omíyalé náà ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980, ọjọ́ Àìkú ni. Nítorí náà, láti ìwé ìròyìn ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nigerian Tribune ti wà láti 1949, Daily Sketch bẹ̀rẹ̀ ní 1964, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń tẹ méjèèjì nígbà yẹn, wọ́n sì mọ orúkọ àdúgbò ju ìwé ìròyìn Èkó lọ. Ẹ má dúró sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìkéde ẹni tó sọnù, ìkéde òkú, lẹ́tà àwọn òǹkàwé: ibẹ̀ ni orúkọ títì àti nọ́ńbà ilé máa ń fara pamọ́ sí.

Àwòrán mẹ́ta ni fún ìròyìn kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ya orúkọ ìwé ìròyìn pẹ̀lú déètì, ẹ ya gbogbo ojú ewé, kí ẹ tó ya ìròyìn náà fúnra rẹ̀ nítòsí. Èyí tí wọ́n yà nítòsí nìkan kì í ní déètì, lẹ́yìn oṣù kan kò sí ẹni tó máa lè sọ ọjọ́ tó jáde. Kí orúkọ fáìlì bẹ̀rẹ̀ láti ọdún: 1980-09-01_Tribune_1.

Iye òjò tí ọ̀pọ̀ ìwé kọ sílẹ̀ fún omíyalé yẹn ni mìlímítà 274. Ẹ gbé e lé orí ìwọ̀n: òjò Ìbàdàn ní odidi ọdún kan kì í fi bẹ́ẹ̀ ju 1,250 sí 1,300 lọ, nítorí náà ìdá márùn-ún òjò ọdún kan ló wọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iye òkú kò dọ́gba láti ìwé dé ìwé. Àwọn kan ní ó lé ní 200, àwọn mìíràn ní ó lé ní 300. Ẹ má mú èyí tó pọ̀ jù nítorí pé ó máa dùn létí, ẹ má sì pín in sí méjì kí ẹ mú àárín. Ẹ kọ iye kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́.

Ọjọ́ 5, Ọjọ́rú. Etí odò, láìsí kámẹ́rà

Bàtà òjò, ìwé kékeré, pẹ́ńsù, omi mímu. Kámẹ́rà wà nílé. Aago méje àárọ̀ ni a bẹ̀rẹ̀ ní Agódi, níbi tí wọ́n ti sé odò náà sínú ọgbà, a sì bá a sọ̀ kalẹ̀ gba Ògùnpa àti Agbẹ̀ní dé apá Mọ́lété.

Ojú ló ń ṣiṣẹ́ lónìí. Níbo ni káńkéré ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló ti fọ́? Ilé wo ni wọ́n gbé àtẹ̀gùn rẹ̀ ga ju ti aládùúgbò lọ, ta ló sì fi àpò iyanrìn dí ẹnu ọ̀nà? Ẹ wo ẹnu gọ́tà kéékèèké tó ń wọ inú odò. Odò ńlá lè mọ́, kí ẹnu gọ́tà wá dí pa: ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni ìsàlẹ̀ pátápátá, yẹ̀pẹ̀ pupa lórí rẹ̀, èpò tó ti hù lórí yẹ̀pẹ̀, bàtà ọmọdé kan tó há sáàárín. Bí òjò bá rọ̀, omi tó yẹ kó wọ odò á padà sínú ilé láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìròyìn tí wọ́n kọ nípa ìkún omi ń wo odò nìkan, gọ́tà tó dí ni ó sì yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹ dúró lórí afárá kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ ka iye ẹni tó da ìdọ̀tí sínú omi, kí ẹ kọ aago tó lù. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìyẹn sàn ju "àwọn ènìyàn máa ń da ìdọ̀tí sódò" lọ.

Ìkíni ni iṣẹ́ kejì. Nínú agboolé, Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, tàbí àgbà tó wà nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ rí. Nínú ọjà, Ìyálọ́jà tàbí olórí àwọn tó ń ta irú ọjà yẹn. Ẹni tó bá ti fo àgbà kọjá lọ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́, kódà bí ọmọ náà bá ní ìtàn tó dára jù. Àlejò kò ní láti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ṣùgbọ́n kí ó tẹríba dáadáa, kí ó má na ọwọ́ síwájú kí àgbà tó na tiwọn. Ògbufọ̀ ló máa sọ̀rọ̀:

"Ẹ kú àárọ̀ o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Gánà ni àlejò yìí. Ó wá kí yín ni, kò bá ìbéèrè kankan wá lónìí. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ Ẹtì ni yóò padà wá láti gbọ́ ọ̀rọ̀ omíyalé lẹ́nu yín."

Orúkọ Gánà ń ṣílẹ̀kùn. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kúrò ní Gánà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá sì padà wálé. Ní oṣù kìíní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Àwọn àgbàlagbà kan ṣì wà tó lè sọ Twi díẹ̀, tàbí tó lè dárúkọ àdúgbò tí wọ́n gbé ní Kumasi. Kí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó gbọ́ ọ, kí ó má wo aago, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní wọ inú ìròyìn.

Kí ẹ tó dìde, ẹ gba ohun mẹ́rin: orúkọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, oyè (Alhájì, Olóyè, Pásítọ̀, wọn ò dùn ún gbàgbé), aago tó rọrùn fún wọn, àti orúkọ ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ lọ́dún náà.

Ọjọ́ 6, Ọjọ́bọ̀. Láyípo

Òwúrọ̀ kan péré. Ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè Ààrẹ, tí àwọn ará ìlú ń pè ní Láyípo nítorí àtẹ̀gùn rẹ̀ tó ń yí, wà níbẹ̀ láti 1936. Láti òkè, ẹ ó rí bí orí páànù ṣe sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè dé àfonífojì. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i kò tún ní béèrè ìdí tí omi fi ń sáré. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni kí ẹ yà á, kí oòrùn tó ga. Ní ọ̀sán, ẹ dán gbogbo irinṣẹ́ wò.

Ọjọ́ 7, Ẹtì. Ìbéèrè

Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ dé méjìlá. Ìrun Jímọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ padà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta.

Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan àti fóònù kan, kí méjèèjì máa gbà á pọ̀. Fóònù gbọ́dọ̀ wà lórí àmì ọkọ̀ òfúrufú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìpè kan á wọlé á sì gé ohùn Màmá síméjì. Ẹ gbà á ní WAV, 48 kHz, bit 16, ohùn kan ṣoṣo. Wákàtí kan jẹ́ nǹkan bí MB 346, nítorí náà káàdì GB 32 tó fún gbogbo ìrìn-àjò náà, èkejì sì wà fún ìpamọ́. Kí máíìkì wà ní ìwọ̀n ìka-ọwọ́ tí a yà kan sí ẹnu, ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, kì í ṣe iwájú gan-an, kí "p" àti "gb" má baà máa lù ú. Jẹnẹrétọ̀ ni ọ̀tá yín: ẹ bẹ̀ wọ́n pé kí ẹ wọ yàrá ẹ̀yìn. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba ohùn ibẹ̀ lásán fún ìṣẹ́jú kan, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ètò rédíò kò ṣeé so pọ̀ dáadáa láìsí i.

Ẹ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lórí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀: orúkọ, ibi tí ohùn máa jáde, àti pé wọ́n lè dúró nígbàkígbà. Ẹ má sanwó fún ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá pàdánù ènìyàn, ẹ kí i "ẹ kú àmúmọ́ra" kí ẹ tó béèrè ohunkóhun, kí ẹ sì jẹ́ kí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ pẹ́ bó ti fẹ́ pẹ́.

Ògbufọ̀ gbọ́dọ̀ sọ "mo" nígbà tí ẹni náà bá sọ "mo", kì í ṣe "ó ní òun". Bí Bàbá bá sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ògbufọ̀ sì dá a padà ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ dá a dúró kí ó tún un sọ. Níbí ni èdè wa ti máa ń dẹkùn fún àlejò. "Wọ́n kú sínú omi yẹn" lè jẹ́ ènìyàn mẹ́wàá, ó sì lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí a ń bọ̀wọ̀ fún. Bí ògbufọ̀ kò bá béèrè pé "ẹni mélòó?", òkú kan á di ọ̀pọ̀ nínú ìwé ìròyìn Accra. Bákan náà, "ọmọ mi" lè jẹ́ ọmọ àbúrò, "bàbá mi" lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá. Ẹ rọra béèrè: "ṣé ọmọ inú yín ni, àbí ọmọ ẹbí?"

Ọdún ni ìṣòro kejì. Ògùnpa ti kún ní 1960, 1963, 1978 àti 1980, ìrántí sì máa ń da wọ́n pọ̀. Ẹ má béèrè "ọdún wo ni?" Ẹ béèrè ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣé ṣọ́jà ló ń ṣe ìjọba, àbí Bọ́lá Ìgè ti di gómìnà?" Ṣọ́jà ló wà níbẹ̀ ní 1978, Bọ́lá Ìgè wọlé ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 1979. "Ṣé ọkọ̀ ti ń rìn ní ọwọ́ ọ̀tún?" Ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 1972 ni Nàìjíríà pààrọ̀ ọwọ́. "Ṣé Kòkó Háùsì ti jóná?" Oṣù kìíní 1985 nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi pọ́n-ùn ka ohun tó pàdánù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti 1960 tàbí 1963 ló ń sọ, torí náírà dé ní 1973. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò tètè fi pọ́n-ùn sílẹ̀, nítorí náà ẹ fi ìbéèrè mìíràn tì í lẹ́yìn.

Gíga omi ni ìkẹta. Wọ́n á ní "ó mù mí dé àyà." Àyà ta ni? Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ẹni náà ní 1980, àyà rẹ̀ nígbà yẹn kọ́ ni ti òní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ kan ògiri níbi tí omi dé. Ẹ ta téèpù láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: ṣé ilẹ̀ yìí ni ilẹ̀ ìgbà náà? Bí àmì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 140, tí wọ́n sì ti da sìmẹ́ǹtì 20 lé ilẹ̀ àtijọ́, 160 ni omi náà ga. Ẹ ya àwòrán téèpù lára ògiri, kí nọ́ńbà hàn, kí ọwọ́ ẹni tó ń tọ́ka sí i sì wà nínú rẹ̀. Ẹ wọn ilé mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí méjì bá bára mu tí ìkẹta yàtọ̀ gan-an, ẹ padà lọ bi ìkẹta. Ó lè jẹ́ ọdún mìíràn ni àmì tirẹ̀.

Ní alẹ́, ẹ̀dà mẹ́ta kí ẹ tó sùn: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí káàdì kejì tó wà ní àpò ọ̀tọ̀, ọ̀kan tí ẹ fi ránṣẹ́ sílé lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọjọ́ 8, Sátidé. Òjò àti dídà ọ̀rọ̀ kọ

Wákàtí kan ohùn Yorùbá ń gba wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà láti dà kọ, kí a tó túmọ̀ rẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn a máa fi "s" pe "ṣ": "asọ" ni wọ́n wí, "aṣọ" ni kí ẹ kọ. Ẹ fún ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún nínú ohùn náà kí ó túmọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ fi wé ti ògbufọ̀.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń fẹ́ sáré lọ sí etí odò. A kò gbà á. Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, òjò pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn, ó sì gbé afárá lọ. Orí afárá ni kí ẹ má dúró sí rárá, torí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni omi ń kọ́kọ́ jẹ. Láti orí ilé alájà ni kí ẹ ti yà á, ní ibì kan náà, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí gíga omi lè hàn.

Ọjọ́ 9, Àìkú

Kíkọ. Oúnjẹ àbùlà ní ọ̀sán, kí ẹ sì sùn.

Ọjọ́ 10, Ajé. Ẹsẹ̀ kẹta

Sẹkitéríàtì ní aago mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ẹ̀dà olóǹtẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ méje ti pé. Bí èsì bá wà, ẹ kà á níbẹ̀ kí ẹ tó jáde. Bí kò bá sí, ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ àti aago. Gbólóhùn kan nínú ìròyìn ni yóò jẹ́, pẹ̀lú déètì tí wọ́n gba lẹ́tà. Òfin fún ẹni tí wọ́n kọ̀ fún ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti lọ sí ilé ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, agboolé. Ògbufọ̀ á ka ọ̀rọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan sí i ní Yorùbá: ohun tí a fi sí ẹnu rẹ̀, ọdún, gíga omi, orúkọ àwọn tó kú. Kì í ṣe odindi ìròyìn, kì í sì í ṣe pé kí wọ́n yí èrò wa padà. Òtítọ́ ohun tí wọ́n sọ nìkan ni. Ìgbà yìí ni àtúnṣe tó ṣe pàtàkì jù máa ń wáyé, torí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ padà máa ń rántí ohun tó fò. Ẹ tún gba ohùn sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ yọ orúkọ òun, ẹ yọ ọ́ lójú rẹ̀.

Ohun tó kù ni fótò. Dùgbẹ̀ ni a ti tẹ̀ wọ́n, ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan tí a wọn ògiri rẹ̀, ọ̀kan fún Mọ́gàjí. Ẹ fi báírò kọ orúkọ, àdúgbò, déètì àti gíga omi sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó fún wọn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn fi kọ́, ẹ kàn án mọ́ ògiri náà gan-an, kí ìsàlẹ̀ férémù rẹ̀ bọ́ sórí ibi tí ọwọ́ wọn tọ́ka sí.